PÁTÁKÓ AYÀSẸ́GBẸ̀Ẹ́: BÍ A ṢE Ń YÀN ÁN ÀTI BÍ A ṢE Ń LÒ Ó
Ìwé ìmọ̀ràn fún àwọn apẹja kúta àti owere ní Àpápá, Ajégúnlẹ̀ àti agbègbè wọn

Ẹ̀yin apẹja wa ní Ajégúnlẹ̀, ní Àpápá àti ní gbogbo etí ọ̀sà Èkó. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí ojú omi nígbà tí iṣẹ́ oko bá dẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti ra okùn, ìwọ̀ àti ẹ̀rọ, ohun èlò kan ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé yìí. Kò wọ́n, káfíńtà àdúgbò lè ṣe é láàárín ọjọ́ kan, ó sì lè mú kí ọkọ̀ kan ṣoṣo fi ìwọ̀ rẹ̀ wá ẹja ní ibi tí ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. A pè é ní pátákó ayàsẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òyìnbó ń pè é ní planer board.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù. Láti ìgbà náà, kò sí apẹja tí ń lo ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé epo ti di ọ̀kan nínú ẹrù tí ó wúwo jù lọ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fa okùn méjì lẹ́yìn ọkọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ọ̀sán yóò jó epo tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹni tí ó fa okùn mẹ́fà dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ó bá so okùn mẹ́fà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láìsí ohun tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn yóò lọ́ mọ́ ara wọn kí oòrùn tó ga, ìdajì ọjọ́ rẹ̀ yóò sì lọ sórí títú okùn.

Ìdí kejì wà lára ẹja fúnra rẹ̀. Kúta àti owere jẹ́ ẹja tí ń fi ojú ṣọdẹ. Wọ́n a máa lé àwọn ẹja wẹ́wẹ́ nítòsí òkè omi, pàápàá níbi tí omi bá mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lórí omi tí kò jìn, ariwo ẹ̀rọ àti òjìji ọkọ̀ a ti ṣáájú ìjẹ dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn a pín sí ọ̀tún àti òsì, wọn a fi àárín sílẹ̀ fún ọkọ̀. Nígbà náà, ìjẹ tí a so gbọọrọ sẹ́yìn ọkọ̀ yóò gba ibi tí ẹja ti kúrò kọjá. Iṣẹ́ pátákó ayàsẹ́gbẹ̀ẹ́ ni láti gbé ìjẹ náà lọ sí ọ̀tún àti òsì, níbi tí ẹja sá sí.

OHUN TÍ PÁTÁKÓ YÌÍ JẸ́

Kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wa ọkọ̀ rí mọ agbára tí ó ń lò. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, kí ẹ ti ewé àjẹ̀ bọ omi ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá mú un kí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ dojú kọ iwájú gan-an, omi yóò là kọjá, ọwọ́ yín kò ní mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí i díẹ̀, tí ojú rẹ̀ fífẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ sí omi tí ń bọ̀, lójú ẹsẹ̀ ni omi yóò gbá a lọ sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì fa ọwọ́ yín dání. Agbára yìí kan náà ni ó ń gbé pátákó lọ. Pátákó náà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tóóró nínú omi, a so okùn mọ́ ọn ní ọ̀nà tí yóò fi máa dàgẹ̀rẹ̀ sí omi nígbà gbogbo, nítorí náà bí ọkọ̀ ti ń fà á síwájú ni omi ń tì í sí ẹ̀gbẹ́, títí okùn yóò fi le gbọnrangandan láàárín òun àti ọkọ̀.

Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń pa edé láti agbègbè Kirikiri ti ń lo agbára yìí tipẹ́. Àwọn pátákó ńlá méjì tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ wọn ni ó ń ya ẹnu àwọ̀n sí ọ̀tún àti òsì ní ìsàlẹ̀ òkun. Bí kò bá sí wọn, ẹnu àwọ̀n náà yóò pa dé. Tiwa kéré ju ìyẹn lọ, orí omi ni ó sì ń léfòó sí.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀sà ńlá tí wọ́n ń pè ní Chesapeake, pátákó irú èyí ni àwọn apẹja ń lò láti wá ẹja kan tí ó ní ìlà dúdú gbọọrọ ní ìhà rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ striped bass. Ẹja náà kò sí ní omi wa. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ jọ ti owere ní ohun mẹ́ta: ó ń rìn ní agbo, ó ń lé ẹja wẹ́wẹ́, ó sì ń wọ inú ọ̀sà láti òkun. Nítorí náà ni a fi rò pé ọgbọ́n tí ó ṣiṣẹ́ fún wọn lọ́hùn-ún yẹ fún ìdánwò níhìn-ín.

ORÍṢI PÁTÁKÓ MẸ́TA, ÀTI ÈYÍ TÍ Ó YẸ YÍN

Èkíní ni pátákó kékeré. Gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10 sí 12, gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4. Ara okùn ìwọ̀ gan-an ni a ń há a mọ́. Okùn kan, pátákó kan. Bí ẹja bá gbé e, a ó fa okùn wálé pẹ̀lú pátákó, a ó sì já a kúrò bí ó bá ti dé ọwọ́. Èyí ni ó yẹ ọkọ̀ kékeré tí a ń fi àjẹ̀ wà, àti ẹni tí ó nìkan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Èkejì ni pátákó ńlá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8 sí 10. Okùn tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni a fi ń fà á; àwọn okùn ìwọ̀ sì wà ní híhá mọ́ okùn náà pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì. Pátákó kan lè ru okùn ìwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ tí ó sì gba ènìyàn mẹ́ta ni ó yẹ.

Ẹ̀kẹta ni pátákó oníbejì: pátákó ńlá méjì tí a tò ní ìbádọ́gba, tí a fi igi tàbí irin so pọ̀, tí àlàfo àárín wọn jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 10 sí 12. Omi ń ti ojú méjì dípò ojú kan, nítorí náà ó ń fà jù, ìgbì kì í sì í tètè dà á nù. Ẹni tí ń jáde sí ẹnu òkun, níbi tí ìgbì ti ga, ni kí ó ṣe irú èyí. Ẹni tí kò kọjá inú ọ̀sà kò nílò rẹ̀. Pátákó tí ó tóbi ju agbára ọkọ̀ lọ yóò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, yóò sì jẹ epo.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí kò lo irú rẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pátákó kékeré méjì, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn, kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ná owó sórí ńlá.

BÍ KÁFÍŃTÀ YÓÒ ṢE ṢE É

1. Igi. Igi fífúyẹ́ ni ó yẹ: arère tàbí àfàrà. Kí a má ṣe lo ìrókò tàbí ọpẹ̀pẹ̀, nítorí wọ́n wúwo jù. Kí igi náà gbẹ dáadáa, kí ó má ní kókó tàbí ibi tí ó ti là. Fún pátákó ńlá, kí ó nípọn tó íǹṣì kan. Fún kékeré, ìdajì íǹṣì tó.

2. Iwájú. Kí a fi ayùn gé orí iwájú ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Kí ojú ibi tí a gé náà kọjú sí ìhà ọkọ̀, kí ìhà òde sì gùn ju ìhà inú lọ. Bí a bá gé e ní òdì, omi yóò máa ti pátákó wá sí ìdí ọkọ̀ dípò kí ó tì í lọ. Nítorí èyí, pátákó ọ̀tún kò lè ṣe iṣẹ́ òsì. Kí a kọ “Ọ̀tún” àti “Òsì” sí wọn lára.

3. Ìwúwo ìsàlẹ̀. Kí a kan òjé pẹlẹbẹ mọ́ etí ìsàlẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí pátákó lè dúró ní òòró. Kí a fi òjé díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí a gbé pátákó sínú omi tí ó dákẹ́, kí a sì máa fi kún un títí ìdá méjì nínú mẹ́ta yóò fi wọ omi, tí ìdá kan yóò sì yọ lókè.

4. Ihò okùn. Ibi yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà. Kí a lu ihò mẹ́ta sí ọ̀wọ́ kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ti àárín wà ní ibi tí ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn pátákó parí sí láti iwájú. Kí a lu ọ̀wọ́ mìíràn sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí a lè ṣe àtúnṣe. Ìhà inú, tí ó kọjú sí ọkọ̀, ni okùn yóò ti jáde.

5. Ọ̀dà. Kí a kun ún ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí arère tètè máa ń jẹrà bí omi bá wọ inú rẹ̀. Kí etí òkè jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ ọsàn, kí a sì fi àsíá kékeré sí i, kí àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn lè rí i láti ọ̀nà jíjìn.

6. Irin. Kí súkúrù, òrùka àti ìjápọ̀ tí ń yí jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Omi iyọ̀ yóò jẹ irin lásán tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ó sì pàdánù pátákó, okùn àti ẹja lọ́jọ́ kan náà.

ÌGBÀ ÀTI IBI

Ní ìgbà òjò, odò Ògùn, Májìdùn, Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn a máa tú omi wọn sínú ọ̀sà. Omi a pọ́n, a sì ru ẹrẹ̀. Kúta, tí ń fi ojú ṣọdẹ, kì í fẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni koríko ojú omi, èyí tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, tí ó ti ń dààmú ọ̀nà omi Àgbádárìgì àti ọ̀sà wa láti àwọn ọdún 1980, máa ń ṣàn wá ní agbo-agbo. Pátákó tí ó bá kó sínú rẹ̀ kò ní yà sí ibì kankan mọ́. Nítorí náà, kí pátákó wà nílé ní àkókò òjò.

Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin ni omi iyọ̀ ń ti ẹnu òkun wọlé, tí ó ń mọ́, tí koríko náà sì ń kú nítorí iyọ̀. Àkókò yìí ni ó dára jù lọ. Ó tún bọ́ sí ìgbà tí ọwọ́ àgbẹ̀ dẹ̀ ní oko.

Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín nǹkan bí wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Èyí ni ó fà á tí wákàtí ìkún omi fi ń sún síwájú ní ojoojúmọ́. Ìgbà tí omi bá ń wọlé láti òkun ni àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ń bá a wọlé, tí àwọn tí ń jẹ wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn. Bí ìkún omi bá bọ́ sí àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, ọjọ́ náà dára.

Ní ti ibi, àwọn ojú omi tóóró tí ó wà lẹ́bàá ilé ní Ajégúnlẹ̀ kò gba pátákó. Ọkọ̀ àti ìdọ̀tí pọ̀ níbẹ̀. Kí a lọ sí ibi tí omi ti fẹ̀, tí ó mọ́, tí kò sì sí ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ òkun. Kí a ṣọ́ àwọn ẹyẹ: níbi tí wọ́n bá ti ń já ṣòòròṣò sínú omi, tí ẹja wẹ́wẹ́ sì ń ta sókè, owere wà nísàlẹ̀ wọn. Kí a gba ẹ̀gbẹ́ agbo náà kọjá, kí pátákó gbé ìjẹ gba etí rẹ̀. Kí ọkọ̀ má là á já láàárín. Níbi tí epo bá ti léfòó lórí omi, kí a má ṣe pẹja níbẹ̀ rárá. Ẹja tí ó bá ń rùn epo yóò ba orúkọ gbogbo wa jẹ́ lójú àwọn ìyá ọlọ́jà.

BÍ A ṢE Ń LO PÁTÁKÓ ŃLÁ

1. Kí ènìyàn mẹ́ta wà nínú ọkọ̀: ẹnìkan nídìí ẹ̀rọ, ẹnìkan fún ọ̀tún, ẹnìkan fún òsì.

2. Kí a ri ọ̀pá ọparun mọ́ àárín ọkọ̀, kí okùn pátákó lè ti òkè wá, kí ó má baà máa wọ́ nínú omi. Kí ọ̀pá náà má ga ju àyà ènìyàn tí ó dúró lọ. Bí ó bá ga jù, ìfà pátákó lè mú ọkọ̀ fì. Bí ó bá jẹ́ pátákó kan ṣoṣo ni a fẹ́ lò, kí a so okùn rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí kò sí èkejì tí yóò fà á dọ́gba.

3. Kí ọkọ̀ máa rìn bí ẹni tí ń yára rìn lójú ọ̀nà. Kí a gbé pátákó sínú omi, kí a sì máa tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí a má ṣe jù ú.

4. Kí a tú nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 80 sílẹ̀. Bí pátákó bá ń yà dáadáa, tí okùn rẹ̀ sì dàgẹ̀rẹ̀ ní ìdajì láàárín ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, yóò jìnnà sí ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 56. Pátákó méjì yóò wá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 112 láti ọ̀tún dé òsì. Ẹ fi èyí wé ìbú ọkọ̀ yín, ẹ ó sì rí èrè tí ó wà níbẹ̀.

5. Kí a tú okùn ìwọ̀ àkọ́kọ́ sẹ́yìn tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Kí a fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ mú un, kí a so pẹ́ẹ̀gì náà mọ́ òrùka, kí òrùka sì wà lórí okùn pátákó. Omi yóò fa òrùka náà lọ sí ìhà pátákó fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, kí a dá okùn ìwọ̀ dúró, kí a sì so ìdí rẹ̀ mọ́ ìjókòó ọkọ̀.

6. Okùn ìwọ̀ kejì yóò dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ti àkọ́kọ́, kí ó sì kúrú: ẹsẹ̀ bàtà 60 sẹ́yìn tó. Kí okùn tí ó wà lóde jù gùn jù. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹja bá gbé ìwọ̀ òde, tí okùn sì yọ kúrò lẹ́nu pẹ́ẹ̀gì, yóò fà sẹ́yìn, yóò sì gba ẹ̀yìn àwọn yòókù kọjá láìbá wọn lọ́.

7. Nítorí eyín kúta, kí wáyà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ wà láàárín ìwọ̀ àti okùn ọ̀rá. Fún ìjẹ, ikùn ṣáwá tàbí àgbọ̀dọ̀ tí a là tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó ń dán, dára. Bí ó bá yí ní òpópó bí ìrin ìlùmọ́ lẹ́nu ìwọ̀, okùn yóò lọ́. Kí a tún un há kí ó lè máa wẹ̀ gbọọrọ.

8. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró déédéé, kí a fi díẹ̀ kún eré ọkọ̀. Kúta fẹ́ràn ìjẹ tí ń sá. Àmì pé eré ti pọ̀ jù ni kí pátákó máa ta.

9. Bí a bá fẹ́ yípo, kí a yí i ní gbàgede, díẹ̀díẹ̀. Pátákó tí ó wà ní inú ìyípo yóò rẹ̀ sẹ́yìn, ti òde yóò sáré. Ìyípo òjijì ni ó ń dá ìlọ́kùn sílẹ̀ jù lọ.

10. Bí ẹja bá gbé e, kí ẹni tí ó wà ní ìhà náà fa okùn rẹ̀ wálé. Kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ dín eré kù ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dúró, nítorí bí ọkọ̀ bá dúró, pátákó yóò dákẹ́, gbogbo okùn yóò sì rọ̀ wọnú ara wọn. Kí a fi igi lu orí kúta kí a tó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìka ni eyín rẹ̀ ti gé.

FÚN ẸNI TÍ KÒ NÍ Ẹ̀RỌ

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kò kúrò nínú èrè yìí. Kì í ṣe eré ọkọ̀ ni pátákó nílò, bí kò ṣe omi tí ń kọjá lára rẹ̀. Nígbà tí omi bá ń wọlé tàbí tí ó ń fà pẹ̀lú agbára, kí a ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ ní ibi tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀, kí a sì tú pátákó kékeré sílẹ̀ sínú ìṣàn. Ìṣàn náà yóò gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́, ìjẹ yóò sì máa wẹ̀ lójú kan náà bí ẹja alààyè tí ń bá omi jà. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí ilẹ̀ pàápàá. Kò ná ni ní epo kankan.

BÍ PÁTÁKÓ BÁ KỌ̀ LÁTI ṢIṢẸ́

Bí ó bá ń ri orí bọ omi: ihò okùn ti wà nísàlẹ̀ jù, tàbí òjé pọ̀ jù. Kí a lo ọ̀wọ́ ihò òkè, tàbí kí a dín òjé kù.

Bí ó bá ń ta lórí omi: eré pọ̀ jù, tàbí òjé kéré jù, tàbí ihò wà lókè jù.

Bí ó bá ń tọ ẹ̀yìn ọkọ̀ láìyà: ihò ti sún mọ́ iwájú jù, kí a lo èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá koríko tàbí ọ̀rá ló kọ́ ọ lára.

Bí ó bá fi gbogbo ojú rẹ̀ dí omi, tí ó sì ń dojú dé: ihò ti wà lẹ́yìn jù, kí a sún un síwájú.

Bí okùn bá ń yọ lẹ́nu pẹ́ẹ̀gì láìsí ẹja: kí a wé rọ́bà mọ́ pẹ́ẹ̀gì. Bí ẹja bá sì gbé e tí okùn kò yọ, kí a tú rọ́bà náà díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá yí ihò, òjé àti eré padà papọ̀ kò ní mọ èyí tí ó tún un ṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

EWU ÀTI ÒFIN

Àwọn ọkọ̀ òkun tí ń lọ sí èbúté Àpápá, àti àwọn tí ń lọ sí èbúté Tin Can Island tí a ṣí ní ọdún 1977, ẹnu òkun kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Ọkọ̀ òkun kò lè dúró lójijì, kò sì lè yà fún yín. Ọkọ̀ yín tí ó fa pátákó méjì kò lè tètè yà pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa pátákó ní ojú ọ̀nà ọkọ̀ òkun, tàbí ní ibi tí ọkọ̀ akérò ń gbà. Kí a má ṣe lò ó ní òru. Kí ọ̀bẹ mímú wà nítòsí ọ̀pá ọparun nígbà gbogbo, kí a lè gé okùn bí ewu bá dé. Pátákó kò tó ẹ̀mí. Kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó. Kò sí ẹni tí ó mọ odò wẹ̀ tó tí omi kò lè gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde sí òkun, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín: òfin ẹja òkun ti ọdún 1992 ka fífa àwọ̀n ọkọ̀ ńlá léèwọ̀ láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí ó rú òfin náà, kí ẹgbẹ́ kọ orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí wọ́n sì fi tó aláṣẹ létí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún mọ́ ọn láti bá a jà.

IṢẸ́ ẸGBẸ́

Igi kan kì í dá ṣe igbó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ra igi pọ̀ ní àpapọ̀, kí káfíńtà kan sì ṣe pátákó mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ yóò dín ju kí olúkúlùkù dá ṣe tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ tó yá ẹnikẹ́ni lówó, kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Kí ọkọ̀ méjì tí ẹ̀rọ wọn dọ́gba jáde ní ọjọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà, sí ibì kan náà: kí ọ̀kan lo pátákó, kí èkejì má lò ó. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n pààrọ̀. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí akọ̀wé sì kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: iye lítà epo, iye ẹja, ìwọ̀n ẹja, àti iye owó tí a tà á. Bí owó ẹja tí ó lé bá ju owó pátákó àti okùn lọ láàárín oṣù mẹ́ta ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹgbẹ́ yá ni lówó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi owó náà ra yìnyín àti àpótí, kí ẹja tí a ń pa tẹ́lẹ̀ má baà bàjẹ́ kí ó tó dé ọjà.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ohun tí ń mú kí ẹnìkan pa ẹja púpọ̀ lè mú kí gbogbo wa pa á tán. Ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní etí ọ̀sà Chesapeake tí a dárúkọ lókè, ẹja onílà náà dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ka pípa rẹ̀ léèwọ̀ pátápátá láti ọdún 1985 títí di ọdún 1990. Fún ọdún márùn-ún, apẹja tí baba ńlá rẹ̀ ti ń pa ẹja yìí kò lè fọwọ́ kan ọ̀kan. Ẹja náà pọ̀ sí i padà, wọ́n sì tún gbà wọ́n láàyè pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Kí àwa má ṣe dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ̀n tí kúta àti owere gbọ́dọ̀ gùn tó kí a tó mú un wálé, kí a sì dá èyí tí kò tó padà sómi ní ààyè. Ìwọ̀ kò dà bí àwọ̀n; ẹja tí ó bá gbé ìwọ̀ ní ètè lè wà láàyè bí a bá tètè yọ ọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń lu ihò pátákó tàbí bí a ṣe ń so okùn rẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ẹja tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tí ó bá ti ṣe ìdánwò ọjọ́ mẹ́wàá mú ìwé rẹ̀ wá pẹ̀lú, kí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lè rí i kí wọ́n tó ná owó wọn.